Kọ́kọ́rọ́ Ilé Wa Lórí Ayélujára

Ọ̀rọ̀ tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí a ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ níbi àpèjẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí láàárín wa mọ́ lónìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, kí ó sì máa bá wa wo ẹ̀yìn wọn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ níbí, a rò pé wọ́n ṣì wá pè ni. Nínú ẹgbẹ́ tí ó ní dókítà, amòfin, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ọ̀gbóǹtarìgì oníṣòwò, ta ni yóò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di òru? Àwa mẹ́rin ni a ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ẹgbẹ́: méjì ní Èkó, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní London. Púpọ̀ nínú yín ni ẹ ti bi wá pé, kí gan-an ni ẹ máa ń ṣe? Ìyá ọ̀kan nínú wa ti sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé ọmọ òun ń tún fóònù ṣe. A kò bá màmá jiyàn, nítorí pé ìgbàkígbà tí fóònù wọn bá dákú, àwa náà ni à ń jí i.

Ohun tí ó mú wa gbà láti sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ ìwé ìrántí tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ìgbìmọ̀ ń wá àwòrán ọdún àkọ́kọ́ àti ọdún kejì, nígbà tí a dá aṣọ ẹgbẹ́ wa àkọ́kọ́. A kò rí ju mẹ́ta lọ. Ìyókù wà nínú fóònù kan tí wọ́n já gbà mọ́ ẹlẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ní Èkó, àti lórí ojú ewé kan lórí ayélujára tí ẹni tí ó ṣí i ti di olóògbé, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún mẹ́ta gbáko ni ó bá fóònù yẹn lọ. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ya àwòrán dúdú àti funfun ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì ní tiwọn nínú àpótí, pẹ̀lú orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló wá dé tí àwa tí fóònù wa ní kámẹ́rà mẹ́ta kò rí tiwa?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi ohun tí ojú wa ti rí lẹ́nu iṣẹ́ dáhùn. Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀: lórí ayélujára, ohun tí a kọ́ ní ìrọ̀rùn, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, tí a sì fi èdè ara wa kọ, òun ni ó ń pẹ́. Èyí tí kò bá ní mẹ́ta wọ̀nyí, àlejò ni a jẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ìkànnì jẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà. Wẹ́ẹ̀bù ni ọjà tí wọ́n ń ná lẹ́bàá ọ̀nà náà. Ọ̀nà ti wà kí ọjà tó dé. Ní oṣù kẹta ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà nítòsí Geneva ní Switzerland, kọ ìwé kan sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìṣòro tí ó ń wò ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde; ẹni tí ó bá lọ a máa gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ, àwọn tí ó kù a sì máa wá ohun tí ẹlòmíràn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dá a lábàá pé kí ìwé inú kọ̀ǹpútà kan lè tọ́ka sí ìwé inú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ sì dé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe orin, kì í ṣe fídíò, kì í ṣe ọjà títà ni wọ́n torí rẹ̀ dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀. Nítorí kí ìmọ̀ má baà bá ènìyàn lọ ni. Ìṣòro CERN ní 1989 ni ìṣòro ẹgbẹ́ wa lónìí.

Ohun kejì tí ó yà wá lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé wọn kò tà á. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọ bíi tiwa, tí òbí wọn ń gbọ́ bùkátà lọ́wọ́ kan, kì bá tí fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí láéláé.

Èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé lórí wẹ́ẹ̀bù ni HTML. Ọ̀rọ̀ lásán ni, tí a wá fi àmì sí i: èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, ibí ni kí o tẹ̀ tí o bá fẹ́ lọ síbòmíràn. Ẹni tí ó bá lè tẹ lẹ́tà lè kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkànnì àkọ́kọ́ láyé ṣì wà ní info.cern.ch. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí i lórí fóònù yín. Kò sí àwòrán mèremère níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n fóònù tí wọ́n ṣe lánàá ń kà á láìsí wàhálà. Iṣẹ́ tí a ṣe ní ìrọ̀rùn ti pẹ́ ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Àwa ìran yìí bá ayé méjì pàdé. Kí GSM tó dé ní 2001, ìlà tẹlifóònù Nàìjíríà kéré púpọ̀. A rántí ìgbà tí bàbá yóò wọ ọkọ̀ láti ilé lọ sí ọ́fíìsì NITEL nítorí ìpè kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni sáíbà káfẹ̀ gba ìgboro. A ń dá owó jọ láti ra àkókò òru, nítorí pé ti òru ló dínwó. Àwọn kan ń wá orin, àwọn kan ń wá ìyàwó, àwọn kan sì ń ṣe ohun tí ọlọ́pàá fi ń wá wọn kiri. Àwa rí nǹkan kan níbẹ̀ tí ó dùn mọ́ wa ju gbogbo ìyẹn lọ: bí o bá tẹ ibì kan lórí ojú ìwé, kọ̀ǹpútà yóò fi inú rẹ̀ hàn ọ́, bí ìgbà tí télọ̀ bá yí ẹ̀wù padà láti wo ojú rírán rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn rán, a tú u wò, a rán tiwa. Báyìí ni a ṣe kọ́ṣẹ́. Kò sí ọ̀gá tí ó gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wa, a kò sì pa ẹran fúrídọ̀ọ̀mù. Ní 2005 ni Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà sì rọ́ wọ ibẹ̀. A rí i nígbà náà pé ọmọ ilẹ̀ yìí lè jókòó síbí kọ́ ilé tí gbogbo ènìyàn yóò wọ̀.

Láti ìgbà yẹn, irinṣẹ́ ti pọ̀ sí i. JavaScript, tí Brendan Eich kọ ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ní 1995, ti di igi ńlá tí ẹ̀ka rẹ̀ kò lóǹkà. Ní 2006, jQuery dé. Ní 2010, AngularJS dé. Ní 2013, React dé. Ní 2014, Vue dé. Gbogbo rẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́: àràmàǹdà èyí tí a dá ní ọdún yìí, tí ọdún tí ń bọ̀ bá dé, wọn a ní ó ti gbó. A kò bú irinṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí wọ́n ti bọ́ wa, wọ́n ti san owó ilé ìwé ọmọ wa. Ohun tí a rí ni pé ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tí a fi àmì sí, ìyípadà àṣà kì í bà á lẹ́rù. Ẹni tí ó bá mọ aṣọ gé, yálà àǹkárá ni o, yálà léèsì ni o, yóò gé e.

Ìpalára tí irinṣẹ́ púpọ̀ ṣe fún wa ni ìwúwo. Ojú ìwé kan lórí ayélujára òde òní sábà máa ń ju mẹ́gábáìtì méjì lọ, kí ẹ tó ka ìlà kan níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún yín lónìí, bí a bá tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kílóbáìtì lọ. Èyí túmọ̀ sí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ọgọ́ta yóò wọ inú mẹ́gábáìtì méjì, àyè yóò sì ṣẹ́ kù. Ta ni ó ń san owó ìwúwo náà? Ẹ̀yin ni. Nínú dátà yín ni ó ti ń jáde. Màmá tí ó ra dátà ọgọ́rùn-ún náírà díẹ̀ láti wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀, ìpolówó ọjà ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán.

Nítorí náà, àwa mẹ́rin ní òfin kan tí a jọ ṣe. A kì í fi kọ̀ǹpútà olówó ńlá tí a fi ń ṣiṣẹ́ dán iṣẹ́ wa wò. Fóònù olówó pọ́ọ́kú, tí ojú rẹ̀ ti sán, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, òun ni olùyẹ̀wò wa. Bí ojú ìwé bá ṣí níbẹ̀ kí ènìyàn tó ka ẹyọ dé márùn-ún, iṣẹ́ ti yege. Bí kò bá ṣí, a ó máa já nǹkan kúrò lára rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kan kì í fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí pé ohun tí ń dán ni wọ́n fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí kò rí ilẹ̀kùn wọlé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé pálọ̀ dára?

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń sọ pé àwọn kò nílò ìkànnì, pé WhatsApp àti Facebook ti tó. A mọ ìdí rẹ̀: ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ènìyàn sì ti wà níbẹ̀. Àwa náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àyágbé ni. Ẹni tí ó yá ọ nílé lè fọ́ ilé náà nígbà tí ó bá wù ú, kò sì ní pe ìpàdé ẹbí rẹ kó tó ṣe é.

Ẹ wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. GeoCities jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn kọ́ ojú ìwé wọn sí lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ọdún 1990. Yahoo rà á ní 1999. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, wọ́n tì í pa. Myspace jẹ́ ibi tí àwọn olórin káàkiri ayé ń gbé orin wọn sí. Ní 2019 ni wọ́n jẹ́wọ́ pé orin, àwòrán àti fídíò tí àwọn ènìyàn ti gbé síbẹ̀ láàárín ọdún méjìlá àkọ́kọ́ ti sọnù níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 kan náà, Google ti Google+ pa. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá lè kó ẹrù dànù, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí fídíò ayẹyẹ wa?

A mọ ohun tí ayélujára lè ṣe fún wa ní Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ọdún 2024, ojú gbogbo ayé wà lára Ojúde Ọba. Àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin rìn ju ẹṣin náà lọ. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde rí ń béèrè irú aṣọ tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọ̀. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wá àwòrán ọjọ́ náà wò lónìí. Ẹ ó rí ìjókòó ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹ ó rí màmá tí ó wé gèlè bí ayaba, tí wọ́n kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé obìnrin kan níbi ayẹyẹ. Kì í ṣe obìnrin kan. Ó ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní agbo ilé. Bí a kò bá kọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ fún wa.

Èyí ni ó gbé wa dé ọ̀rọ̀ èdè. Nígbà kan, ọ̀kan nínú wa fẹ́ fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sí ilé ìwé kan lórí ayélujára. Ó tẹ Ọmọ́táyọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ìkànnì náà dá a lóhùn pé orúkọ náà kò tọ́, kí ó tẹ orúkọ gidi. Ọmọ tí a kó ìyá àti bàbá jọ fún lórúkọ, ẹ̀rọ ní kì í ṣe orúkọ gidi!

Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà mọ ohun tí ó fa èyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ní 1991 ni wọ́n gbé Unicode àkọ́kọ́ jáde, ìyẹn ètò tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà. Ẹ àti ọ tiwa ní nọ́ńbà níbẹ̀. Àwọn ará Vietnam náà ń lo lẹ́tà méjèèjì, a jọ ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní àmì lókè àti ní ìsàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. A ní láti so nọ́ńbà pọ̀ kí ó tó jáde. Ẹnì kan lè kọ́kọ́ tẹ ẹ kí ó tó fi àmì òkè sí i. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ é kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹni tí ó kọ́ ìkànnì kò bá pàṣẹ fún ẹ̀rọ kí ó sọ méjèèjì di ọ̀kan, ẹ lè wá orúkọ bàbá yín kí ẹ̀rọ ní kò sí, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà ń wò ó lójú. Àṣẹ náà kò ju ìlà kan lọ. Ẹni tí ó mọ̀ pé a wà láyé ni yóò rántí kọ ọ́.

Àwọn kan a máa sọ pé kí a kúkú yọ àmì kúrò, pé ó ń yọni lẹ́nu. Ó dáa. Bí akápò wa bá kọ "owo egbe" sórí WhatsApp, ṣé owó ẹgbẹ́ ni, tàbí òwò ẹgbẹ́, tàbí ọ̀wọ̀ ẹgbẹ́, tàbí ọwọ́ ẹgbẹ́? Mẹ́rin ni, ìjà sì lè wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àwọn tó ṣáájú wa kò yọ ọ́ kúrò. Samuel Àjàyí Crowther gbé ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà kò mọ èdè wa, wọ́n fi agídí kọ́ ọ ní èdè wa ni. Ní ayé tiwa yìí, Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ọdún pípẹ́ ní Ìbàdàn kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ kí ó sì lè sọ Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún sì dá ìkànnì YorubaName sílẹ̀, níbi tí a ti lè rí orúkọ wa pẹ̀lú àmì àti ìtumọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ Crowther kò tíì parí, ọwọ́ tí ń ṣe é ló yí padà.

A mọ̀ pé ẹ ń dúró kí a sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń ronú. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde ni àwọn ènìyàn ti ń bi wá pé, ṣé iṣẹ́ yín kò ti parí? Òótọ́ ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ kóòdù nísinsìnyí, a sì ń lò ó. Ó yá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí ìyálọ́jà kan fi ń kọ gbèsè oníbàárà rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn dípò kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ó bá lọ jókòó tì í ni yóò mọ̀. Ohun kejì ni pé ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ ni irú ẹ̀rọ yìí fi ń kọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ bí omi òkun lórí ayélujára. Yorùbá tí a kọ dáadáa kéré, èyí tí a kọ ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a kò bá kọ, ẹ̀rọ kò lè kọ́ ọ. Bí ọmọ wa bá bi ẹ̀rọ léèrè ìtàn ìlú rẹ̀ lọ́la, ìdáhùn ẹlòmíràn ni yóò gbọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun márùn-ún ni a fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbà wọlé ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Èkíní, kí a ra orúkọ ìkànnì tiwa, tí ó parí sí .ng. Láti 1995 ni .ng ti jẹ́ ti Nàìjíríà. Owó rẹ̀ lọ́dún kò tó owó aṣọ ẹbí ẹnì kan nínú wa. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí orúkọ náà jẹ́ ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí owó rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò ọdọọdún akápò bí owó gbọ̀ngán, nítorí pé bí a bá gbàgbé san án, ẹlòmíràn lè rà á, kí ó sì máa fi orúkọ wa lu jìbìtì.

Èkejì, kí ẹni mẹ́ta mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé: akọ̀wé, akápò, àti ẹnì kan nínú àwọn tí ó wà lókè òkun. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a lẹ̀ ẹ́ pa, kí ó wà lọ́wọ́ bàbá ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí à ń gbàdúrà ikú fún, ṣùgbọ́n ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Bí ẹnì kan bá lọ, kí kọ́kọ́rọ́ má bá a lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ìkànnì náà fúyẹ́. Ìtàn ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a ṣe fún ìlú, ìrántí àwọn olóògbé wa, àti àwòrán tí orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí màmá ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè ṣí i bí ẹni tí ó wà ní London ṣe lè ṣí i.

Ẹ̀kẹrin, kí a tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lórí ìwé. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn ńlá abẹ́ òkun bàjẹ́ ní ẹ̀bá etíkun Abidjan. Ọ̀pọ̀ báńkì dákẹ́ ní Nàìjíríà, owó kò rìn. Ọ̀nà lè dí nígbàkígbà. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà nílé kò ní máa wo ojú òkun.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe tú ara wa síta. Nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé àti ọjọ́ ìbí ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sí níta. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ sí òfin, àwọn gbájúẹ̀ ń kàwé ju bí a ti rò lọ.

Àwa mẹ́rin yóò kọ́ ìkànnì náà láìgba owó. Ohun tí a kò lè ṣe ni kí a rántí fún yín. Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà fún olúkúlùkù. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ wá àwòrán kan láti ọdún mẹ́wàá yìí, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, ọdún tí a yà á, àti ibi tí a wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ kan, kí ó pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìpè yẹn gan-an lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí tí ẹ ó gbọ́ ohùn ara yín láìjẹ́ pé ẹ ń bèèrè owó.

Bí a bá ṣe èyí, àwọn tí yóò máa ṣe ìwé ìrántí ogún ọdún kò ní máa wá àwòrán kiri. Wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn ni, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́, a kò ní dín, a ó máa pọ̀ sí i ni.